Ìwé Inú Fíríìsà Ummu

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà dé, ó sì dùn títí mo fi dé ìlà kẹta. Ìlà kìíní kí mi kú iṣẹ́. Ìlà kejì ní Ọlọ́run á túbọ̀ fún mi lókun. Ìlà kẹta ní àwọn ń bọ̀ ní Sátidé láti wá wo ìwé wọn.

Àjọ Ìrántí Ìyá Tíṣà ló kọ ọ́. Ẹbí kan ló dá àjọ náà sílẹ̀ nítorí ìyá wọn tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní a-b-d. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún ilé ìkàwé wa ní Kado ní ìwé ìtàn ọmọdé, Yorùbá lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn náà ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n ń ra bisikíìtì fún Wákàtí Ìtàn tí à ń ṣe láràárọ̀ Sátidé. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe. Bí ọdún bá pé, wọ́n á wá wò ó. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á fi òmíràn kún un. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ó dìgbóṣe.

Fọlákẹ́ lorúkọ mi. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo ní kí n sinmi, làwọn kan bá ní kí n wá bá wọn máa ṣí ilẹ̀kùn ilé ìkàwé fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọdún kẹfà rèé. Yàrá méjì ni ilé náà, ẹ̀yìn ọjà ẹja ló sì wà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ọ̀hún fẹ́ wá, ohunkóhun tí ọmọ bá ń kà á máa rùn bí ẹja àrọ̀. Ọmọ kan bi mí rí pé ṣé gbogbo ìwé ayé ló máa ń rùn báyìí. Mo ní èyí tó dáa nínú wọn nìkan ni.

Ó nídìí tí Wákàtí Ìtàn fi jẹ mí lógún. Ọmọ ọmọ mi, Níyìolúwa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Bí ẹni ń gbọ́ rédíò ló ṣe ń gbọ́ Yorùbá: gbogbo rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ létí, kò kàn lè dá a lóhùn ni. "Níyì, bu omi wá fún mi." "Òkéè, Gíránmà." "Níyì, ṣé o ti jẹun?" "Yẹ́ẹ̀sì, Gíránmà." Ọdún gbáko ni mo fi ń sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń ju òkúta sínú kànga tí kò gbọ́ gbúlú. Àfi lọ́jọ́ Sátidé kan tí a ti Wákàtí Ìtàn dé, tó bọ́ bàtà, tó wojú mi, tó ní, "Màmá àgbà, adìẹ yẹn ò gbọ́n."

Mo jókòó sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń retí gbólóhùn kan lẹ́nu ọmọ yìí. Ẹjọ́ adìẹ ni mo rí gbà, ó sì tó mi.

Adìẹ inú ìwé ló ń wí. Adìẹ náà wọ rélùwéè ní Idu, ó ń lọ sí Kaduna, kò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìwé náà débi pé mẹ́ta nínú wọn fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò jà o. Wọ́n fà á ya sí mẹ́ta, wọ́n pín in bí ẹní pín ogún. Fáìzàh, ọmọ Ummulkhulthum tó ń ta ẹja, ló gba ìparí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ adìẹ já sí gbọ́dọ̀ mú ẹ̀pà dání. Nígbà tó yá, ojú ìwé tó kẹ́yìn pátápátá tún sọnù nínú ìpín Fáìzàh, kò dá ẹ̀pà ẹnikẹ́ni padà, kálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọpọlọ ara rẹ̀ parí ìtàn náà.

Bí ìwé yòókù ṣe rí náà nìyẹn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Dáadì Ọláoyè bá lórí tábìlì nígbà tí mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i.

Dáadì Ọláoyè ni alága ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé wa, dáírẹ́kítọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ń so táì mọ́rùn lọ ra búrẹ́dì. Níléeṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùndínlógójì, bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, wọ́n á fi ọ̀dà funfun kun òkúta ẹnu ọ̀nà. Títí dòní, ó gbà pé àwọn òkúta tí wọn ò kùn ni ò jẹ́ kí Nàìjíríà tẹ̀síwájú.

"Màmá Níyì," ó ní, "kí lèyí?"

"Ìwé ni, sà."

"Mo rí i pé ìwé ni. Ta ló jẹ ẹ́?"

"Wọ́n kà á ni, sà."

"Wọ́n ń ka ìwé, epo pupa dé ibẹ̀?"

"Àkàrà ni, sà. Tí ìtàn bá ti ń dùn báyìí, ọwọ́ wọn kì í kúrò nínú àkàrà."

Ó fi ìka méjì yọ ìpẹ́ ẹja kan láàárín ìwé. "Èyí ńkọ́?"

"Ohun tí wọ́n fi sàmì síbi tí wọ́n kà dé nìyẹn."

Ó jókòó, ó tú táì. N ò rí i kó tú táì rí, ẹ̀rù bà mí. Mo ti ń ronú ẹni tí mo máa pè kó wá gbé e lọ sílé ìwòsàn, ló bá dìde, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ojú ò ní tì wá. Mo ti ro èyí tẹ́lẹ̀."

Ó lọ sílé, ó gbé páálí méjì dé.

Ẹ gbọ́ o. Láti ọdún tó kọjá, páálí mẹ́fà ni mo mọ̀ pé wọ́n fún wa. Mẹ́jọ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Méjì wà ní pálọ̀ Dáadì Ọláoyè, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwo tí ìyàwó rẹ̀ ò tíì jẹun nínú wọn láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Náílọ̀nù ṣì wà lára ìwé kọ̀ọ̀kan.

"Ìwé àlejò," ó ní. "Ṣé ilé ọmọlúàbí kan wà tí kò ní àwo àlejò? Kí ló dé tí ilé ìkàwé ò ní ní ìwé àlejò?"

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, tèmi náà wà nílé: àwo mẹ́fà, olódòdó, tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Níyì ò mọ bí ìsàlẹ̀ wọn ṣe rí. Báwo ni n ó ṣe wá bá ẹlòmíràn wí?

Bí ètò ṣe lọ nìyí. A kó ìwé yíya sínú àpò ìrẹsì mẹ́ta, a gbé wọn lọ sí ìsọ̀ Ummulkhulthum lọ́jà, kójú àlejò má bàa tó wọn.

"Kai, Màmá," Ummu ní, "ẹja lèmi ń tà."

"Títí di Sátidé náà ni, Ummu. Ràn mí lọ́wọ́."

"Fíríìsà mi tó bàjẹ́ wà lẹ́yìn yẹn. Ẹ kó wọn sí i. Ó ti pẹ́ tó ti rí nǹkan jẹ."

Lẹ́yìn ìyẹn, Dáadì gba rẹ́jísítà tí àwọn ọmọ ń kọ orúkọ sí bí wọ́n bá yá ìwé. Ó ní ó dọ̀tí. Ó lọ ra tuntun, ó jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo rẹ̀ kọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọwọ́ rẹ̀ dára lóòótọ́. Ó wá yan ọmọ mẹ́fà tí aṣọ wọn mọ́, ó ní àwọn nìkan ló máa wá ní Sátidé, kí wọ́n di ìwé mú, kí wọ́n má ṣí i, kí ìka wọn má bàa hàn níbẹ̀. Níyì ò sí lára wọn. Dáadì ní Yorùbá rẹ̀ ṣì ń kọsẹ̀, kò tíì tó í gbé síwájú àlejò.

Mo sọ fún ọmọ náà pé ọ̀dọ̀ Ummu ni yóò wà lọ́jọ́ náà, pé kò sí Wákàtí Ìtàn fún un.

"Òkéè, Gíránmà," ó ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Dáadì dúró lẹ́nu géètì, ó ń retí jíìpù ńlá. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fẹsẹ̀ rìn dé láti ọ̀nà Jabi, ó gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," Dáadì ní. "À ń retí àlejò pàtàkì."

Ọkùnrin náà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dúró jẹ́ẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò fún ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà tó rí i pé Dáadì ò yé wo òpópónà, ó sún mọ́ ọn.

"Bàbá, ta gan-an lẹ̀ ń retí?"

"Ẹni tó ń ti Àjọ Ìrántí Ìyá Tíṣà bọ̀."

"Ẹ má bínú, sà. Èmi náà ni."

Saeed lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin ni. Dáadì fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ kí i káàbọ̀, ó mú un wọlé. Àwọn ọmọ mẹ́fà jókòó bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, ó ń dán, náílọ̀nù ò kúrò. Saeed bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọbìnrin kan.

"Kí ló wà nínú ìwé yìí, ọmọ mi?"

"Wọ́n ní ká má ṣí i."

Dáadì rẹ́rìn-ín. "Ọmọdé ni, sà. Ẹ mọ ọmọdé."

Saeed mú ìwé mìíràn lórí pẹpẹ, ó bọ́ náílọ̀nù rẹ̀, ó ṣí i. Ẹ̀yìn ìwé náà dún kẹ̀rẹ̀, bí orúnkún mi láàárọ̀. Ó pa á dé, ó dá a padà. Ó wá ṣí rẹ́jísítà. Ó ka ojú ewé kan, ó ka ìkejì, ó yẹ ìparí wò.

"Ọwọ́ àwọn ọmọ yín dára gan-an, Bàbá. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó yìí, ọwọ́ ẹnì kan náà ni wọ́n fi ń kọ̀wé."

Dáadì gbà á bí oríyìn. Ó ní, "A máa ń kọ́ wọn, sà."

Saeed kọ ìlà kan péré sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ilé ìkàwé karùn-ún tí òun dé lọ́sẹ̀ yìí nìyí, pé gbogbo wọn ló mọ́ tónítóní. Ó dúpẹ́. Ó ní wọ́n á kọ̀wé sí wa. Ó jáde.

Dáadì bọ̀ mí lọ́wọ́. "Màmá Níyì, a ti yege."

Èmi tí mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba, mo mọ ohun tí "a ó kọ̀wé sí yín" ń sọ. Èmi gan-an ti sọ ọ́ fún èèyàn tó tó igba. Bí mo bá sá tẹ̀ lé ọkùnrin yìí lọ tú àṣírí, a jẹ́ pé mo ṣí fìlà lórí àgbàlagbà. Bí n ò bá sá tẹ̀ lé e, Òkéè Gíránmà títí n ó fi kú. Mo bọ́ bàtà mi méjèèjì, mo fi wọ́n sórí tábìlì, mo fi eré bọ́ sọ́nà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

N ò bá a ní títì. Ẹni tó bá dé Kado tí kò ra ẹja délé, ìyàwó rẹ̀ ló máa ṣàlàyé fún, Saeed kì í sì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn àlàyé. Ọjà ló yà sí. Ìsọ̀ Ummu náà ló sì dúró sí, torí Ummu lohùn rẹ̀ ga jù lọ́jà yẹn.

Bí mo ṣe dé, Ummu ti fọ ẹja àrọ̀ kan tán. Ó wá náílọ̀nù, kò sí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú bébà kan lórí fíríìsà, ó fi wé ẹja náà, ó gbé e fún un. "Yauwa, oníbàárà mi. Ẹ kí ìyàwó."

Saeed gbà á. Ó wo ara bébà náà. Òǹtẹ̀ aláró kan wà níbẹ̀, ó hàn ketekete: Ẹ̀bùn Àjọ Ìrántí Ìyá Tíṣà.

Èmi wo ojú ọ̀run. Kò sí ohun tí mo rí níbẹ̀.

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ga rárá, "ṣé ìwé tí à ń fún yín lẹ fi ń di ẹja?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ bí mo ṣe ń sáré bọ̀ fọ́n ká. Kí n tó ṣà wọ́n jọ, ohùn kan dún lẹ́yìn fíríìsà.

"Ìparí adìẹ nìyẹn!"

Níyì ni. Ó yọ orí, Fáìzàh yọ orí, àwọn mìíràn sì ń yọ orí tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi di mọ́kànlá. Fíríìsà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Gbogbo àwọn ọmọ tí a ní kí wọ́n má wá sí Wákàtí Ìtàn ló jókòó yíká lórí báàfù tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ìwé yíya lọ́wọ́ kálukú. Láti ìgbà tí a ti gbé àpò wọ ọjà ni wọ́n ti mọ̀. Wọ́n ń ṣe Wákàtí Ìtàn tiwọn, láìsí bisikíìtì.

"Orí fíríìsà ni mo ti rí i," Ummu ń ṣàlàyé. "Mo rò pé bébà lásán ni, Wallahi."

"Inú ìwé ìjàpá ló wà," Fáìzàh ní. "Òun ló já bọ́. Ẹ fún mi, ìparí tèmi ni."

"Ẹ̀pà mi ńkọ́?" ni ọ̀kan béèrè lẹ́yìn.

Níyì ò bá wọn jiyàn. Ó dé ọ̀dọ̀ Saeed, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó tú bébà kúrò lára ẹja ọwọ́ rẹ̀. Ẹja bọ́ sórí bàtà àlejò. Kò sẹ́ni tó wò ó. Níyì gbé ojú ìwé tútù náà sókè, ó ń kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń rìn lórí òkúta odò. Adìẹ dé Kaduna. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó yé ẹyin kan fún olùgba tíkẹ́ẹ̀tì. Ó padà sílé.

Ó yí i wò lẹ́yìn. Kò sí nǹkan mìíràn.

"Ìyẹn nìkan?" ó ní. Ó wojú Saeed. "Àǹkù, tèmi dùn jù yìí lọ."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Adìẹ... adìẹ ò sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ síwájú. Ó bá dẹ́réfà, dẹ́réfà ń sùn. Ó ní, 'Dìde, èmi ni... èmi ni mo máa wà á.' Gbogbo èèyàn san owó. Àgbàdo ni wọ́n san."

"Irọ́ ni," Fáìzàh ní. "Wọ́n mú un wá tà ní Kado, ẹja ló gbà á sílẹ̀."

"Ẹja ò lè gba adìẹ."

"Ó gbà á."

Níyìolúwa ló ń jiyàn ní Yorùbá yẹn, lójú ọjà. N ò bá a tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Saeed fa báàfù kan, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ń kọ̀wé. Ó kọ ojú ewé kan, ó ṣí i, ó tún ń kọ.

Ìgbà náà ni Dáadì Ọláoyè dé, ó gbé mọ́líìtì sórí tíréè fún àlejò tó ti lọ, àwọn ọmọ mẹ́fà tò tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣí. Ó rí fíríìsà. Ó rí ẹja nílẹ̀. Ó rí ẹni tó jókòó sórí báàfù.

Mo yára sọ̀rọ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Saeed, àwọn ìwé tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan, ìwé àlejò ni. Àwọn tí à ń kà rèé. A ń tijú wọn ni a fi gbé wọn pamọ́."

"Àwa kọ́," Dáadì ní. Ó gbé tíréè kalẹ̀. "Màmá Níyì ò tijú wọn. Èmi ni. Èmi náà ni mo da rẹ́jísítà kọ."

"Mo mọ̀, Bàbá," Saeed ní. "Ẹ jókòó." Ummu ti dojú báàfù kan dé fún un. Dáírẹ́kítọ̀ jókòó sórí báàfù ẹja tòun ti táì.

Saeed ṣí ìwé kékeré náà padà sẹ́yìn, ó fi ìlà kan hàn wá. Ó ti kọ ọ́ pé kí wọ́n dá ìrànwọ́ Kado dúró. Ó ti fa ìlà pa á.

"Ìyá Tíṣà, ìyá mi ni," ó ní. "Òun náà ní àwo àlejò. Kò jẹ́ ká fọwọ́ kàn wọ́n rí. Ọjọ́ fídáù rẹ̀ la kọ́kọ́ jẹun nínú wọn."

Ummu ló gbà wá. Ó gbé ẹja, ó tún un fọ̀, ó ní, "Kò sí náílọ̀nù o, oníbàárà mi. Ṣé kí n gbé e lé yín lọ́wọ́?"

Dáadì dìde. Ó gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ náílọ̀nù wọn, ó dá ìwé padà fún wọn. Ó kó náílọ̀nù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún Ummu. Mẹ́ta ni wọ́n fi we ẹja Saeed, kò jò títí tó fi délé.

Lẹ́tà dé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìlà kẹta ni mo kọ́kọ́ kà. Ọdún mìíràn: ìwé, epo, bisikíìtì, àti gọ́ọ̀mù òun abẹ́rẹ́ òun òwú, ká máa fi tún ìwé tó bá ya dì. Wọ́n ní ká wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ fún iṣẹ́ náà. Ta ni ì bá jẹ́? Ní gbogbo Sátidé báyìí, Dáadì Ọláoyè ń rán ìwé tòun ti táì lọ́rùn. Adìẹ ló kọ́kọ́ rán, ó sọ mẹ́ta di ọ̀kan. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fà á ya sí mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó sún mọ́ Fáìzàh.

"Apá tí adìẹ ti pàdé àlùfáà nínú rélùwéè dà? N ò tíì kà á."

Fáìzàh tẹ́ ọwọ́. Dáírẹ́kítọ̀ ki ọwọ́ sápò kóòtù, ó yọ ẹ̀pà.

Èmi náà lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé tí Saeed wá yẹn, mo kó àwọn àwo olódòdó sílẹ̀, mo bu ìrẹsì sínú ọ̀kan fún Níyì. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, mo gbọ́ gbàràgàdà ní kíṣínì.

"Níyì, kí nìyẹn?"

"Màmá àgbà, àwo ló já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti fọ́. Ẹ má bínú."

Mo ní n ò gbọ́ dáadáa, kó tún un sọ.